Gìtá tí Mo Yọ Lára Ibùsùn Ìyá Mi

Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Ìyá mi jókòó sórí ibùsùn wọn ní Ọ̀yọ́, wọ́n ń nu igbá kan tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n bí. Bí èmi bá kúnlẹ̀ tí n kò tètè dìde, ohun tí mo fẹ́ gbà kì í ṣe kékeré.

“Sọ ọ́, mò ń gbọ́.”

“Màámi, pátákó ìgbèrí ibùsùn yín ni mo fẹ́ tọrọ.”

Wọ́n yíjú wo pátákó náà lẹ́yìn wọn, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà gbọ́.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Gìtá ni, mà.”

“Ta ló fẹ́ bá ọ ṣe é?”

“Èmi fúnra mi ni.”

“Ìwọ tí ò ń ránṣọ?”

“Èmi tí mò ń ránṣọ, mà.”

Ẹ̀rín pa wọ́n títí omi fi jáde lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò dìde. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò dìde, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wọn.

Bàbá mi ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kan ibùsùn yẹn. Káfíńtà ni wọ́n nígbà ayé wọn, igi ọ̀gànwó ni wọ́n sì fi ṣe é lọ́dún tí wọ́n gbé ìyá mi níyàwó. Àga àti ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn pọ̀ káàkiri ìlú, ṣùgbọ́n ilé onílé ni gbogbo rẹ̀ wà. Ibùsùn yìí nìkan ló kù sílé wa. Bàbá mi kì í ṣe nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tó bá wúwo ni ojúlówó lójú wọn. Bí àga wọn bá ṣubú lé ènìyàn lẹ́sẹ̀, onítọ̀hún á tiro fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí wọ́n bá ń fá igi, wọ́n máa ń fi imú kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Gbogbo wa nínú ilé la mọ orin náà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ mọ́.

“Gbé e,” ni ìyá mi wí nígbà tó yá. “Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Kí ìkórè ìjọ wa níbí tó dé, mo fẹ́ gbọ́ orin bàbá yín nínú gìtá yẹn. Bí n kò bá gbọ́ ọ, o máa dá pátákó mi padà síbi tí o ti yọ ọ́. Odindi o. Mi ò ní gba wẹ́wẹ́.”

“Mo gbà, mà.”

Mo gbà kí n tó ronú. Ìwà mi nìyẹn, ẹnu mi máa ń ṣáájú ọgbọ́n mi délé. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé igi tí wọ́n bá ti là kì í di odindi mọ́. Ọkọ mi, tó ń wa mọ́tò akérò láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ló bá mi tú pátákó náà, tó gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni à ń gbé, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà. Bí a ti kúrò nílùú, ó ní, “Ìyàwó mi, ṣé o gbọ́ ohun tí Ìyá sọ ṣá?” Mo ní kí ó kọjú mọ́ ọ̀nà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí gìtá ti ń wù mí. Èmi ni mo ń rán aṣọ àwọn akọrin ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ta gìtá ni mo sì máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ń kọ́ orin. Nígbà tó rí i pé ojú mi kì í kúrò lára ìka rẹ̀, ó kọ́ mi ní kọ́ọ̀dù mélòó kan, ó sì máa ń yá mi ní gìtá náà díẹ̀ kí a tó túká. Díẹ̀ yẹn kò tó mi. Bí mo bá délé, ìka mi á ṣì máa ta orí ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kan ni mo rí obìnrin kan lórí fóònù tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gìtá, láti orí pákó títí dé orí okùn. Mo pariwo. Ọkọ mi sáré wọlé, ó rò pé abẹ́rẹ́ ló gún mi.

“Ẹ wò ó,” ni mo wí, “aṣọ ni! Iwájú nìyí, ẹ̀yìn nìyí, ìhà nìyí. Ihò àárín yìí, ọrùn aṣọ ni. Kí ló tún kù tí n kò mọ̀?”

“Aṣọ kì í dún.”

“Gínnì tí mo fi sitáàṣì sí fún yín ọjọ́sí ń kọ́? Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọ́ ọ nígbà tí ẹ jókòó.”

Bí mo ṣe di ẹni tó ń tọrọ pátákó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Níbi tí wọ́n ti ń la igi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo dúró ti ẹ̀rọ náà, mo káwọ́ lérí. Ayùn wọlé, eruku pupa fò sókè, pátákó bàbá mi sì ṣí sí méjì bí ìwé. Inú rẹ̀ pupa, ó ń dán, òórùn rẹ̀ dùn débi pé mo sún mọ́ ọn jù, wọ́n sì lé mi sẹ́yìn. Ibi tó dára nínú rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ojú gìtá kan lọ. Ìṣó ti wọ ìyókù, kòkòrò sì ti jẹ ẹ́. Òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo yà sọ́tọ̀ fún ọrùn gìtá. Bí mo bá ba ojú yẹn jẹ́, kò sí òmíràn.

Mo ti mọ́ṣíìnì ìránṣọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bébà tí mo fi ń gé pátáànì aṣọ ni mo ká sí méjì, mo ya ìdajì gìtá sí ojú kan, mo gé e, mo tú u. Òsì àti ọ̀tún bára mu rẹ́gí! Mo gbé e mọ́ àyà, mo wo ara mi nínú dígí àwọn oníbàárà. Ìhà rẹ̀ ló fẹ́ dójú tì mí. Pláíwúùdù tínrín ni mo rà fún un, ó sì ní láti tẹ̀ bí ìbàdí. Àkọ́kọ́ kán lọ́wọ́ mi, pà! Èyí tó tẹ̀ lé e náà kán. Mo jókòó, mo ń wo áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù náà ń wò mí. Mo bá rin aṣọ sómi, mo tẹ́ ẹ sórí pákó, mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Oru sọ. Mo rọra tẹ pákó náà mọ́ ìdí ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ọdún, ó sì gbà. Ó tẹ̀ bí kọ́là tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Oníbàárà kan tó wá gba búláòsì rẹ̀ bá mi níbi tí mo ti dì mọ́ ìkòkò tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ kúuṣẹ́ o,” ó sì rọra jáde.

Gbogbo pẹ́ẹ̀gì orí okùn aṣọ ni mo kó láti fi há ibi tí mo bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe gbé ṣòkòtò ọkọ mi lọ sí àgbàlá aládùúgbò. Ibi tí pẹ́ẹ̀gì kò tó, mo gé rọ́bà lára tíúùbù táyà rẹ̀ àtijọ́, mo fi dì í. Ọkọ mi kàn lọ mú ṣòkòtò rẹ̀ bọ̀ ni. Ìyá mi ló ń ráhùn. Wọ́n á pè mí lórí fóònù láàárọ̀, wọn ò ní dúró kí n kí wọn tán.

“Ìrọ̀rí mi tún já bọ́ o. Ògiri tútù ni mo fi orí gbá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó ti ń parí.”

Nígbà tó kan fífá ojú gìtá, mo tún wo fóònù. Obìnrin orí fóònù fá tirẹ̀ títí ó fi fẹ́ẹ́ dà bíi páálí. Mo fá tèmi díẹ̀, mo dúró. Ọmọ káfíńtà Ọ̀yọ́ ni mí. Wọ́n tọ́ mi dàgbà pé ohun tó bá fẹ́lẹ́ kì í pẹ́, n kò sì lè sọ pátákó bàbá mi di bébà. Mo fi í sílẹ̀ kí ó nípọn. Mo tún to igi ìgbéró, tí kì í jẹ́ kí pákó tẹ̀, sí inú rẹ̀, ó pọ̀ débi pé ènìyàn lè kan páànù lé e. Mo lẹ̀ ẹ́ pa. Lẹ́yìn náà mo fi fáníìsì kùn ún, mo tún kùn ún, mo tún kùn ún, nítorí pé nílé wa, ohun tí kò bá dán kò tíì parí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ń rí eyín mi lára rẹ̀.

Ó rẹwà! Mo gbé e káàkiri ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ tuntun. Mo so okùn mọ́ ọn, mo yí i le, mo mí kanlẹ̀, mo ta á.

Pọ́.

Mo tún ta á. Pọ́. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

“Ó dún,” ni ọkọ mi wí láti ẹnu ọ̀nà. Aláàánú ènìyàn ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀.”

Inú bí mi débi pé mo gbé gìtá náà sábẹ́ tábìlì, mo da àjákù aṣọ bò ó. Pátákó ló ń dùn mí jù. Odindi ni mo gbà á, mo ti sọ ọ́ di àpótí. Ìkórè sì ti ń sún mọ́lé. Kò pẹ́ ni ìyá mi tún pè.

“Mú gìtá mi bọ̀, jẹ́ kí n rí i.”

Gìtá mi, ni wọ́n wí. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò fi ọkàn sí i lọ́jọ́ náà.

Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lé itan nínú mọ́tò ọkọ mi. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí ń wò ó láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì lè pa á mọ́ra mọ́.

“Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ilé oyin lẹ gbé yẹn?”

“Rárá, sà. Gìtá ni.”

Ó nawọ́, ó gbé e díẹ̀ kúrò lórí itan mi, ó sì dá a padà. “Ó mà wúwo o,” ni ó wí. Mo rí ọkọ mi nínú dígí iwájú, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

Ọjà Akẹ̀sán ni mo bá ìyá mi, níbi tí wọ́n ti ń ta igbá láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo kí wọn ẹ kú ọjà, mo yára ti gìtá sẹ́yìn òkìtì igbá, mo jókòó, mo ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́. Obìnrin kan dé, ó fẹ́ ra igbá tí yóò máa lù. Ó gbé ọ̀kan, ó fi ìka kàn án, ó gbé e kalẹ̀. Ó gbé òmíràn, ó tún kàn án.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀,” ni ìyá mi wí fún un. “Ó ṣì nípọn. Omi nìkan ló mọ̀ ọ́n gbé. Ẹ mú ti ẹ̀yìn yẹn, wọ́n fá inú rẹ̀ dáadáa.”

Obìnrin náà kan ti ẹ̀yìn yẹn. Goo, ni ó dún, ohùn náà sì gba gbogbo ara igbá náà.

Láti kékeré ni mo ti ń kan igbá nínú ọjà yìí. Mo ti mọ igbá fẹ́lẹ́ yàtọ̀ sí igbá tó nípọn kí n tó mọ A, B, D. Ọmọ káfíńtà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ onígbá náà ni mí, mo sì ti gbàgbé ìdajì ara mi níbi tí mo ti ń fá pákó. Mo fa gìtá jáde, mo kan ojú rẹ̀. Pọ́. Mo já igbá gbà lọ́wọ́ obìnrin náà, mo kàn án. Goo.

“Màámi, ó nípọn!” Gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká ló yíjú.

“Kí ló nípọn?”

“Gìtá ni! Mo ṣe é bíi ti Bàbá mi. Ó yẹ kí n ṣe é bíi tiyín!”

Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n kàn án níbí, wọ́n kàn án lọ́hùn-ún, wọ́n dẹ etí sí i, wọ́n sì dá a padà fún mi.

“Odi ni,” ni wọ́n wí. “Ìkórè sì ti dé tán. Ṣé o rántí àdéhùn wa?”

“Mo rántí, mà. Ẹ yá mi ní igbá méjì.”

Ọ̀kan nípọn, ọ̀kan fẹ́lẹ́. Mo so wọ́n rọ̀ sókè tábìlì mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó lè fá inú ojú gìtá, mo ní láti ṣí i kúrò lára ìhà tí mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́, gọ́ọ̀mù káfíńtà kì í sì í ṣeré. Bí pákó náà bá ya, n kò ní gìtá, ìyá mi kò ní pátákó, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi tó kù sílé wa á sì di igi ìdáná. Mo tún gbé áyọ́ọ̀nù mi. Mo fi aṣọ tútù sí etí gìtá náà, mo lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, mo rọra ti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀. Fáníìsì tí mo fi ń yangàn wú, ó ń rùn. Ọ̀bẹ wọlé díẹ̀, ó dúró. Mo tún gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Mo ti fẹ́ẹ́ yí i po nígbà tó ké “Kẹ̀!” Èmi náà ké “Yéè!” Ọkọ mi, tó ń jẹun lọ́wọ́, gbé abọ́ sílẹ̀, ó wá bá mi bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Gọ́ọ̀mù ló já. Pákó kò ya. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí èémí fi fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.

Mo wá fi ìfági fá a, lẹ́yìn náà mo mú àfọ́kù ìgò, bí mo ti máa ń rí i tí bàbá mi ń ṣe. Mo fá, mo kàn án, mo kan igbá. Mo fá, mo kàn án. Lákọ̀ọ́kọ́, igbá tó nípọn ló ń bá a mu. Mo dín igi ìgbéró kù, mo sọ èyí tó kù di tẹ́ẹ́rẹ́. Èérún igi pupa bo ẹsẹ̀ mi. Inú mi dùn, mi ò purọ́, inú mi dùn ju ìgbà tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó fún ara mi lọ. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń fi imú kọrin títí ọkọ mi fi bi mí pé, “Orin wo nìyẹn?”

Orin bàbá mi ni. Omi bọ́ lójú mi, mo sì yára yí orí kí ó má baà kán sórí pákó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo kàn án, ó sì dá mi lóhùn. Ohùn náà kúrò lábẹ́ ìka mi, ó gba gbogbo ojú pákó, ó pẹ́ kó tó lọ. Mo kan igbá fẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò! Ọwọ́ mi tún fẹ́ fá sí i, mo bá a wí. Mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo fi fáníìsì kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, mo so okùn, mo sì ta kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi. Ó dún! Ó dún kọjá ẹnu ọ̀nà, ó dún dé òdìkejì títì. Àwọn tó ń kọjá yà wá wò ó. Oníbàárà kan tó wá gba aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, èmi náà jó, ọkọ mi sì gbé gìtá náà lọ́wọ́, ó ní, “Ó ti fúyẹ́ o,” bí ẹni pé òun ló fá a.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìkórè, mo wọ yàrá ìyá mi ní Ọ̀yọ́. Aṣọ funfun tí wọn yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la wà lórí ìṣó. Wọ́n ti ká aṣọ òkè àtijọ́ sí àlàfo ìgbèrí kí ìrọ̀rí má baà já bọ́. Mo jókòó sórí àpótí, mo ta orin bàbá mi. Ìka mi ṣìnà níbì kan, mo tún un ṣe. Ìyá mi di ojú. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú gbè é.

“Bàbá yín máa ń fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ yẹn,” ni wọ́n wí, ojú wọn ṣì dì.

Mo padà síbẹ̀, mo fà á. Wọ́n mi orí.

Nígbà tí mo ta á tán, wọ́n gba gìtá náà, wọ́n kan ojú rẹ̀, wọ́n gbọ́ goo, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ aṣọ òkè kúrò ní ìgbèrí, wọ́n gbé gìtá mi síbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, wọ́n sì to ìrọ̀rí síwájú rẹ̀.

“Ó ṣeun, ọmọ mi.”

“Màámi, mò ń gbé e padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ o. Àdéhùn wa ni pé bí ẹ kò bá gbọ́ orin ni n ó dá pátákó padà. Ẹ sì ti gbọ́ ọ.”

“Òótọ́ ni,” ni wọ́n wí, wọ́n ń tún ìrọ̀rí ṣe. “Bí n kò bá gbọ́ ọ ni mo ní kí o dá a padà. Mo wá gbọ́ ọ, n kò sì lè jẹ́ kó lọ mọ́.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bá wọn to ìrọ̀rí náà. Ọkọ mi ti jáde síta, kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Wọ́n yá mi ní gìtá náà lọ sí ìkórè lọ́jọ́ kejì, mo ta á, mo sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Títí di òní, bí gìtá bá ń wù mí, mo ní láti wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, kí n kúnlẹ̀ níwájú ibùsùn yẹn, kí n tọrọ rẹ̀. Ìyá mi á na ọwọ́ sẹ́yìn ìrọ̀rí, wọ́n á kàn án, wọ́n á dẹ etí sí i dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó gbé e lé mi lọ́wọ́.